Ìyàwó Fìlà àti Ìwé Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n

Parsloes, Dagenham,
Lọ́ńdọ́ọ̀nù.
Ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án, 2025

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àdánìkanwà láti ìgbà tí mo ti kó ẹrù mi jáde. Èmi Olúbùsọ́lá ọmọ yín ni mò ń kọ̀wé yìí, mo sì ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń sáré, torí Fẹ́mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé láti ilé-ìwé, mo sì fẹ́ kí ọbẹ̀ gbóná nígbà tó bá ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá, mo ti di ìyàwó ilé! Ẹ bá mi yọ̀! Bí mo bá jí láàárọ̀, màá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi, màá rí Fẹ́mi níbẹ̀, ó ń sùn, ó la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀, màá sì bú sẹ́rìn-ín kí n tó gbàdúrà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Yàrá òkè ni à ń gbé nínú ilé Alàgbà Adétúnbọ̀, àgbà kan nínú ìjọ Aládùúrà tí à ń lọ ní Barking. Àwọn ilé àdúgbò yìí so mọ́ra wọn bí ehín ẹnu, bákan náà ni gbogbo wọn rí, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ki kọ́kọ́rọ́ mi bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ìyá arúgbó Òyìnbó tó jáde sí mi kò bínú, ó pè mí ní "dálìn", ó fi ìka júwe ilé wa fún mi. Mo ti ríṣẹ́ o! Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, nítòsí Dagenham East, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Wọn kò bi mí ju ìwé-ẹ̀rí girama mi lọ. Fẹ́mi ló bá mi kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, Fẹ́mi ló sìn mí débẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Fẹ́mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ìṣirò tó ń kọ́ àwọn ọmọ Òyìnbó yìí, Màmá, ẹ ò bá rí i! "Sà" ni wọ́n ń pè é. Èmi náà pè é ní "Sà" ní àná, ó ju tìmùtìmù lù mí.

Fìlà rẹ̀ tí mo gbé wá láti ilé ṣì wà, mo ti gbé e kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ ní ọ̀rọ̀ ilé ọkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, torí etí yín kò gbọ́ dáadáa mọ́, ohun tí ẹ kò bá gbọ́, gbogbo àgbàlá ni yóò gbọ́ ọ. Nítorí náà orí í-meèlì ni mo kọ èyí sí, kí Rodiyah tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fẹ́mi dé nìyẹn! Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀!

Ọmọ yín tí ayọ̀ fẹ́ pa,
Bùsọ́lá Akíndúró (Akíndúró, Màmá! Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́!)

———

Ìpetumodù.
Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, 2025

Olúbùsọ́lá, ìyàwó Akíndúró,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo wọ awò, mo gbé bíìrò pupa mi, mo jókòó. Fún ọdún márùndínlógójì tí mo fi ṣe tíṣà, n kò ka ìwé ẹnikẹ́ni kí n má fún un ní máàkì, n kò sì ní tìtorí pé o lọ́kọ kí n wá yí padà. Márùn-ún nínú mẹ́wàá. O kọ "Fẹ́mi" káàkiri bí ẹni fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, o kò béèrè orúnkún mi nígbà kan ṣoṣo. Orúnkún mi ń kí ọ.

Inú mi dùn sí ayọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Rodiyah fi hàn mí pé aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni lẹ́tà rẹ wọlé. Ìwọ sì ní ọkọ rẹ ń ti ilé-ìwé bọ̀. Bùsọ́lá, èmi náà ṣe tíṣà. Tíṣà wo ló ń ti ilé-ìwé bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé? Ta ni ó ń kọ́, àwọn àga?

N kò sọ nǹkan kan o. Mo kàn rántí oṣù Karùn-ún ni. A ṣe ìgbéyàwó yín ní Sátidé, gbogbo ìlú jẹ, wọ́n mu, kí ilẹ̀ tó ṣú ọkọ rẹ ti wọ mọ́tò lọ pápákọ̀ òfuurufú, torí ilé-ìwé wọn yóò wọlé ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú tó bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ìwọ nìkan lo lọ dúpẹ́ ìgbéyàwó níwájú pẹpẹ. Fìlà rẹ̀ ni o gbé dání, èmi dúró sí apá ọ̀tún rẹ níbi tó yẹ kí ọkọ dúró sí. Láti ìgbà náà "Ìyá Ìyàwó Fìlà" ni àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ń pè mí. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Èèyàn a máa fi ẹ̀rín bo nǹkan.

Rodiyah ní òun kì í ka lẹ́tà tí òun bá ń tẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ó bi mí bóyá ọbẹ̀ náà ṣì gbóná nígbà tí Fẹ́mi dé.

Èmi ìyá rẹ.

———

Parsloes, Dagenham.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá, 2025

Màmá mi,

Orúnkún ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń fi òróró pa á? Orúnkún ọ̀tún àbí tòsì? Mo ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ fún mi ní máàkì mi.

Màmá, kì í ṣe àwọn àga ló ń kọ́! Ní àárọ̀ Sátidé ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá lọ́dún yìí, lẹ́yìn náà yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa máàkì ìwé, torí a kò ní tábìlì nínú yàrá wa. Ìwé tó bá kù, yóò dì í wálé. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń máàkì, mo sì ti mọ bí a ṣe ń sùn kí ìwé má wó lu èèyàn. N kò mọ̀ pé báyìí ni iṣẹ́ tíṣà ṣe rí. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ ni, lẹ́tà sí àwọn òbí ni, ìpàdé ni. Ọdún yìí ni wọ́n ń wò ó wò kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí i pé ó yege, nítorí náà ohun gbogbo ni kò fẹ́ kó bàjẹ́. Dávídì ni orúkọ ọ̀gá tó ń wò ó wò, ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò. Fẹ́mi ń pè é ní Dávídì bẹ́ẹ̀, láìfi nǹkan kan síwájú rẹ̀!

Ẹ wá gbọ́ ayọ̀ ńlá. Alàgbà Adétúnbọ̀ sọ̀rọ̀ wa fún ìjọ, ìjọ sì ti fún wa ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje oṣù Kejìlá, kí a wá dúpẹ́ ìgbéyàwó wa bó ṣe yẹ. Àwa méjèèjì, Màmá! Nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, níwájú pẹpẹ! Mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì débi pé Wòlíì rò pé Ẹ̀mí ló gbé mi. Fẹ́mi di ọwọ́ mi mú, ó ní bí òjò yìnyín bá ń rọ̀, òun á wà níbẹ̀.

Ohun kan ló ń ba ọkàn mi jẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ọmọ yóò ṣe ìdánwò ìgbaradì, Dávídì sì ní kí gbogbo ìwé ìdánwò ti gba máàkì ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ. Mo mọ ọkọ mi. Bí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀, ara rẹ̀ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkàn rẹ̀ yóò wà nínú àpò ìwé. Ìyẹn bí ara náà bá wá. Màmá, n kò fẹ́ gbé fìlà lọ síwájú pẹpẹ lẹ́ẹ̀kejì. Kí ni kí n ṣe?

Bùsọ́lá yín.

———

Ìpetumodù.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, 2025

Bùsọ́lá mi,

Mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Orúnkún òsì ni. Mo yọ máàkì kan torí pé o parọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lo béèrè, kì í ṣe mẹ́rin.

Ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ́ Dávídì, ó sì ń pè é ní Dávídì? Ṣé wọ́n jọ ń da àgùntàn ni? Sọ fún àna mi kó máa fi "ọ̀gá" sí i lábẹ́ ahọ́n, Ọlọ́run á gbọ́.

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ àga yẹn kúrò lọ́kàn. Mo ti rí i pé tíṣà ni o fẹ́ lóòótọ́, káàánú ara rẹ. Ṣùgbọ́n èmi náà bọ́ sínú rẹ̀ rí. Ọmọ méjìlélógójì ló wà ní kíláàsì mi. Ìwọ wà lẹ́yìn mi, ìwé wà lórí tábìlì, bàbá rẹ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí télọ̀ yẹn ṣe? Ní ọjọ́ kan ó dìde, ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó bá mi máàkì. Ẹni tó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ ráyè, kó bá a dá sí iṣẹ́ náà. Ìwé-ẹ̀rí girama rẹ kì í ṣe fún ìwáṣẹ́ nìkan. O mọ ìṣirò. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Mo fẹ́ fọ́tò ìdúpẹ́ náà, ẹ̀yin méjèèjì nínú rẹ̀. Mo ti kan ìṣó mọ́ ara ògiri. Ìṣó náà kò rí nǹkan gbé títí di báyìí.

Ìyá rẹ.

———

Parsloes, Dagenham.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, 2025

Màmá mi, Màmá mi, Màmá mi!

Ẹ kú ọgbọ́n o! Ẹ kú orí pípé! Mo ti ṣe é!

Ní àná Sátidé, nígbà tí Fẹ́mi lọ kọ́ àwọn ọmọ ìdánwò rẹ̀, ó fi àpò kan sílẹ̀. Ìwé iṣẹ́ kíláàsì kẹjọ ló wà nínú rẹ̀, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ìwé tó kọ ìdáhùn sí náà sì wà lókè wọn. Mo se omi tíì, mo jókòó sílẹ̀, mo sì rántí pé bíìrò pupa tí ẹ fi sínú ẹrù mi ní ọjọ́ tí mò ń bọ̀ ṣì wà, èyí tí ẹ ní kí n máa fi ṣe àtúnṣe ọkọ mi. Màmá, wákàtí méjì péré! Mo máàkì gbogbo wọn pátá. N kò fi ẹ̀tanú ṣe é rárá, bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé ni mo ṣe é gẹ́lẹ́. Èyí tó dára, mo kọ "Mo ti rí i" sí i. Èyí tó dọ̀tí, mo kọ ọ́ sí i pé ìwé rẹ̀ dà bí ibi tí adìyẹ ti jà. Ọmọ kan tí ó ń jẹ́ Eden kò ṣe ju ìbéèrè méjì lọ nínú ogún, ó wá fi òdòdó ya gbogbo etí ìwé. Mo fún òun ní òdo ńlá, mo fi ojú sí òdo náà, mo fi ẹsẹ̀ sí i, ẹyin tó ń rìn, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kó wá rí mi, òun àti òbí rẹ̀. Ní èdè Òyìnbó ni mo kọ gbogbo rẹ̀ o, kedere. Mo kọ irú rẹ̀ fún àwọn ọ̀lẹ méjì mìíràn.

N kò sọ fún Fẹ́mi. Mo fẹ́ kó ṣí àpò náà ní ilé-ìwé lọ́la kí inú rẹ̀ dùn lójijì. Nígbà tó dé, tó ní òun ṣì ní ìwé kíláàsì kẹjọ láti máàkì, mo gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Fi ti kíláàsì kẹjọ lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó fi í lé E lọ́wọ́ lóòótọ́. A jẹun pa pọ̀, a rìn yí Parsloes Park po lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ mi wà nínú àpò kóòtù rẹ̀. Màmá, bí gbogbo Sátidé bá lè rí báyìí!

Mo ń dúró de mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Bùsọ́lá, igbákejì tíṣà.

———

Parsloes, Dagenham.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kọkànlá, 2025

Màmá,

Ẹ kò tíì fèsì lẹ́tà tó kọjá, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ má fún un ní máàkì. Ẹ ya á.

Ní ọjọ́ Ajé Fẹ́mi gbé àpò náà sí kíláàsì, ìpàdé kan dá a dúró, kí ó tó padà wọlé, àwọn ọmọ ti kó ìwé wọn nínú àpò, wọ́n ti pín in. Wọ́n ń fi ẹyin yẹn han ara wọn. Ó kó ìwé náà padà kíá, ó rò pé òun lè yanjú rẹ̀ ní jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n Eden ti gbé tirẹ̀ lọ ilé. Ẹ gbọ́ o: ìyá Eden, ọmọ Nàìjíríà ni, nọ́ọ̀sì ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí fèrèsé, ìyá náà ti dúró ní ẹnu géètì, aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó di ọwọ́ Eden mú. "Tíṣà ní kí n wá. Mo wá. Kí ni ọmọ yìí ṣe?" Wọ́n wo ìwé àwọn àlejò, wọn kò rí orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó pè é. Ó ṣí ìwé náà, ó gbé e kan wọ́n lójú: "Ta wá ni ó kọ èyí?" Àwọn ọ̀lẹ méjì tó kù, Òyìnbó ni òbí wọn, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìpè ni.

Wọ́n pe Dávídì. Dávídì ní kí Fẹ́mi kó ìwé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà jáde. Màmá, wọn kì í fi bíìrò pupa máàkì ní ilé-ìwé wọn! Bíìrò aláwọ̀ ewéko ni tíṣà ń lò. Wọ́n ní pupa a máa já àwọn ọmọ láyà. Mo sì ti fi pupa kún inú ìwé náà bí ẹni pa ẹran sí i.

Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, kò bọ́ bàtà. Ó gbé ìwé kan lé orí bẹ́ẹ̀dì.

"Bùsọ́lá."

"Ọkọ mi."

"Ta ni ó ya ẹyin sínú ìwé yìí?"

"Ẹyin wo?"

"Eléyìí. Ó ní ẹsẹ̀ méjì. Ó tilẹ̀ wọ bàtà."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní ìrànlọ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣe. Mo béèrè ohun tó sọ fún Dávídì. Ó ní, "Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi ni. Mo ní bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, mo gbàgbé ara mi." Kò dárúkọ mi, Màmá. Ìyẹn ló pa mí jù. Ó yẹ kó pariwo.

Ó ní láti tún gbogbo ìwé náà máàkì pẹ̀lú bíìrò aláwọ̀ ewéko, kó kọ lẹ́tà sí òbí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kí Dávídì sì wo ìwé rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di ìsinmi Kérésì. Gbogbo Sátidé tó kù kí ìdánwò ìgbaradì tó dé ti lọ. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bẹ̀rù: "Bùsọ́lá, jẹ́ kí á sún ìdúpẹ́ náà di ẹ̀yìn Àjíǹde." Mo lọ mú fìlà náà kúrò lórí ìṣó, mo gbé e sí àárín bẹ́ẹ̀dì. Ìrẹsì tutù, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Ó ní kí n fún òun di ọjọ́ mélòó kan kí òun tó sọ fún Alàgbà. Màmá, báwo ni bàbá mi ṣe bá yín máàkì tí kò fi dá wàhálà sílẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Bùsọ́lá.

———

Parsloes, Dagenham.
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kọkànlá, 2025

Màmá,

Ọjọ́ mẹ́jọ rèé. Rodiyah ní òun ti fún yín ní lẹ́tà méjèèjì, pé ẹ gbà á, ẹ kà á, ẹ ká a sínú Bíbélì. Ṣé ẹ̀ ń bínú ni? Ẹ kúkú fún mi ní òdo. Ẹ fi ẹsẹ̀ sí i.

B.

———

Ìpetumodù.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, 2025

Bùsọ́lá ọmọ mi,

N kò bínú. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé kò sí iná ní ṣọ́ọ̀bù Rodiyah, ṣùgbọ́n Rodiyah ló ń ya fọ́tò lẹ́tà yìí, kò ní jẹ́ kí irọ́ náà kọjá. Ojú ló tì mí.

Òótọ́ ni pé bàbá rẹ bá mi máàkì. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo sọ ìdajì fún ọ, mo gbé ìdajì mì. Bàbá rẹ kò lè fún ọmọ ọlọ́mọ ní òdo. Gbogbo àwọn méjìlélógójì ló fún ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, títí kan ọmọ tí kò wá sí ilé-ìwé ní ọjọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni olùbẹ̀wò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ dé. Wọ́n fún mi ní kúèrì. Nítorí náà ìdílé wa ti ṣe é lápá méjèèjì báyìí: bàbá rẹ fún gbogbo ayé ní mẹ́wàá, ìwọ fi ẹsẹ̀ sí òdo. Rodiyah rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jókòó. Ó ní òun kò kà á o.

Ohun tí bàbá rẹ ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ kí n ti sọ fún ọ. Kò tún fọwọ́ kan bíìrò mi mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bí aago mẹ́rin bá ti lù, yóò kó ìwé náà, yóò tò ó sórí àga ìránṣọ rẹ̀, yóò sì jókòó lé e. Bí mo bá pariwo, yóò ní, "Ìyá Bùsọ́lá, bí o bá lè gbé mi, máa mú u." O mọ bí bàbá rẹ ṣe tóbi tó. Mo bínú ní Sátidé àkọ́kọ́. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ti ń wo aago fúnra mi.

Ṣùgbọ́n kò tètè bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyẹn. Ṣé o rántí ìkórè ọdún tí o pé ọmọ ọdún méje, tí o dá kọ orin níwájú ìjọ? O wọ aṣọ òféfèé tí bàbá rẹ rán. Lẹ́yìn ìsìn o sáré wá bá mi, o ní, "Màmá, ṣé ẹ rí mi?" Mo ní mo rí ọ, mo ní o ṣe dáadáa. Bùsọ́lá, n kò rí ọ. Mo gbé ìwé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ náà, ó wà lórí itan mi lábẹ́ ìborùn, ìgbà tí mo fi gbé ojú sókè o ti ń kúnlẹ̀. Bàbá rẹ rí mi. Sátidé tó tẹ̀ lé e ló jókòó lé ìwé. Láti ọdún náà n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Má ṣe fi fìlà bá ọkọ rẹ jà mọ́. Ọkùnrin tó gba ẹ̀bi ẹyin tó wọ bàtà nítorí rẹ kì í ṣe ọkùnrin tó sá. Tíṣà ni, bíi tèmi, ẹ̀rù ló ń bà á. Fi lẹ́tà yìí hàn án.

Orúnkún ti sàn díẹ̀. Kò sí máàkì lónìí, n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ìyá rẹ.

———

Parsloes, Dagenham.
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá, 2025

Màmá mi, adé orí mi,

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ tẹ́ ẹsẹ̀ òsì sórí àpótí, ẹ wọ awò!

N kò fi lẹ́tà yín hàn án lọ́jọ́ tó dé. Mo pa á mọ́. Fẹ́mi kò tíì sọ nǹkan kan fún Alàgbà, èmi náà kò béèrè. Sátidé tó kọjá yìí ó dé pẹ̀lú ìwé ìdánwò nínú àpò méjì. Ó ní ó ku mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó ní bí òun kò bá gbé orí sókè títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú òun lè parí rẹ̀. Ó ń sọ ọ́, kò wo ojú mi. Mo wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago mẹ́rin lù. Mo dúró de ìṣẹ́jú méjì náà, Màmá! Lẹ́yìn náà mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tò ó sílẹ̀ dáadáa, mo tẹ́ aṣọ lé e kó má bàa ká, mo sì jókòó.

"Bùsọ́lá, kí lo ń ṣe?"

"Mo jókòó."

"Orí ìwé ìdánwò ìjọba?"

"Ìgbaradì ni, kì í ṣe tìjọba. Bí o bá lè gbé mi, máa mú u."

Ó gbìyànjú! Màmá, ó gbìyànjú ní tòótọ́! Ṣùgbọ́n iyán ilé ọkọ ti ṣiṣẹ́ lára mi, ọkọ mi ọmọ Oǹdó fà mí títí, ó wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wá, ẹ̀rín tí a kò rín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó Alàgbà kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé kò sí o. Ìgbà náà ni mo fún un ní lẹ́tà yín. Ó kà á. Nígbà tó dé ibi orin ìkórè, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó padà sókè, ó tún ibẹ̀ kà. Lẹ́yìn náà ó mú fóònù, ó kọ̀wé sí Dávídì níṣojú mi pé òun kò ní lè kó gbogbo ìwé wá ní ọjọ́ Ajé, pé lọ́la òun fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìyàwó òun, ohun tó yẹ kí òun ti ṣe láti oṣù Kẹfà.

A dúró de ìdáhùn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Fóònù dún. Dávídì ní: "Fẹ́mi, èmi kò tíì ṣí tèmi rárá. Ọjọ́rú dára. Ẹ kú oríire. Ṣé ìyàwó yẹn ló ya ẹyin náà?"

Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí, Màmá! Fẹ́mi bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé Fẹ́mi kò dára tó bẹ́ẹ̀.

Àná wá dé. Òjò ń rọ̀, òtútù wọ egungun, a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ tutù bí omi kànga, n kò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ wa, mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi, Fẹ́mi wà níbẹ̀. Fẹ́mi gan-an! Kò la ẹnu sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. A jó dé pẹpẹ, kò mọ ijó, ó ń ka ìṣísẹ̀ lábẹ́nu bí ìṣirò, a kúnlẹ̀ pa pọ̀, orí wa kanra. Fìlà wà nílé, lórí ìṣó. Lẹ́yìn ìsìn, ta ni mo rí? Ìyá Eden! Ìyàwó Alàgbà, tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ wa fún un. Ó wo Fẹ́mi, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ ni ẹlẹ́yin?" Mo ní èmi ni, ẹ má bínú. Ó gbá mi mọ́ra. Ó ní láti ọdún méjì ni wọ́n ti ń kọ̀wé sí òun pé Eden ń tẹ̀síwájú, òun kò mọ ibi tó ń tẹ̀síwájú lọ. Ní báyìí ọmọ náà ń jókòó ti ìwé. Ó fún mi ní ẹ̀bùn ìgbéyàwó tí wọ́n fi bébà dáradára dì. Páálí bíìrò pupa ni. Fẹ́mi ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó ti tọ́jú rẹ̀ síbi tí n kò mọ̀.

A ti fẹnu kò. Láti aago mẹ́rin Sátidé títí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú yóò fi ṣú, kò sí ìwé. Èmi náà ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe: mò ń ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé tó yẹ, mò ń tò wọ́n léra ní ṣíṣí sílẹ̀, kó má máa wá a. Ó ní ó ń dín wákàtí kan kù fún òun. N kò fọwọ́ kan bíìrò kankan.

Ọ̀rọ̀ ìkórè yẹn, Màmá, mo gbọ́ ọ. Ohun tí mo rántí nípa ọjọ́ náà ni pé ẹ pọ̀n mí délé bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti dàgbà jù. N kò rántí ìwé kankan.

Fọ́tò náà wà nínú í-meèlì yìí. Kí Rodiyah tẹ̀ ẹ́ tóbi.

Ọmọ yín, ìyàwó Fẹ́mi, kì í ṣe ìyàwó fìlà mọ́,
Olúbùsọ́lá.

———

Ìpetumodù.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá, 2025

Olúbùsọ́lá mi,

Ìyàwó tó ń jókòó lé ìwé ọmọ ọlọ́mọ, mo kí ọ. Sọ fún àna mi pé bí ó ṣe ká orúnkún nínú fọ́tò yẹn, kì í ṣe ijó, ìdárayá òwúrọ̀ ilé-ìwé ni. Mo sì fi awò wò ó dáadáa: àbàwọ́n bíìrò aláwọ̀ ewéko wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀ tó fi di tìrẹ mú. Má fọ̀ ọ́ kúrò. Òróró ẹ̀rọ ló wà ní ìka bàbá rẹ ní ọjọ́ tiwa.

Rodiyah tẹ̀ ẹ́ tóbi bí ilẹ̀kùn. Mo gbé e lọ ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin kí n tó gbé e kọ́, mo gbé e yí wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sọ̀rọ̀. Orúkọ mi ti padà di Ìyá Bùsọ́lá.

Ó ti wà lórí ìṣó rẹ̀ báyìí. Mo gbé àga sí iwájú rẹ̀, mo jókòó, kò sí ìwé kankan lórí itan mi. Mo wò yín pẹ́. Lẹ́yìn náà mo mú bíìrò pupa, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò náà, ohun tó yẹ kí n ti kọ fún ọ láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje:

Mo ti rí i.

Ìyá rẹ.